Ta Ló Ni Aago Yìí?

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ ibí, kí ẹ sì ti fóònù yín bọ àpò. Bọ́lájí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ ọmọ mi yìí wá dúró níwájú mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní òun ti rí Òyìnbó kan ní Kútọnù tó fẹ́ràn aago àtijọ́. Ó ní ẹni náà yóò ṣí aago Jámánì mi, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì fá gbogbo ohun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ sí inú rẹ̀ kúrò, kó máa dán bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Mo jágbe mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló tún dé. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jókòó kí n sọ ohun tó wà nínú aago náà fún yín, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá àgbà yín kú láì gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí aago jẹ́. Tiyín ń sọ àkókò fún yín láìjẹ́ pé ẹ tọ́jú rẹ̀, iná lásán lẹ̀ ń fún un jẹ. Nígbà tiwa ní Àjàṣẹ́ yìí, ẹran ọ̀sìn ni aago. Bí o kò bá yọjú sí i láàárọ̀, yóò kú sí ọ lọ́wọ́, gbogbo bùró yóò sì mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ọ́.

Akron, àdúgbò wa ìgbà náà, ní ohùn tirẹ̀. Ìpè ìrun á kọ́kọ́ jáde láti mọ́ṣáláṣí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà á tẹ̀lé e, ìgbálẹ̀ á máa dún lójúde, alákàsà, ìyẹn ẹlẹ́kọ, á máa polówó láti ilé dé ilé. Tí o bá wá ń gba iwájú ilé Pápá Lúsíyánù kọjá, wàá gbọ́ ohun tí o kò ní gbọ́ níbòmíràn: ogunlọ́gọ̀ aago tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan kò gbà fún èkejì. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìpàdé ẹbí ni. Lónìí, ẹni tó ń ta fóònù ló wà nínú ilé náà, orin ló ń pariwo níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn kan gbé ibẹ̀ rí.

Atúnagoṣe ni Pápá Lúsíyánù. Àgùdà ni, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, ẹni tín-ín-rín kan tó máa ń fi okùn so dígí kékeré mọ́ ojú ọ̀tún. Nàgó ló ń bá wa sọ, Gùn ló ń bá ará ilé kejì sọ. Ó fi Potogí sílẹ̀ fún àdúrà àti fún orúkọ oṣù. Kò bímọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rítà, nìkan ló wà nínú ilé pẹ̀lú aago oníṣòro.

Èmi ńkọ́? Akọ̀wé ni mí ní bùró ìjọba kan, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, àpọ́n, ẹni tí ojú àyọ́nù ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu. Afẹ́ pọ̀ lára mi. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń wọ aago tuntun tó ń dán yanran, mo sì fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní. Mo rí i nínú àpótí onídígí Pápá Lúsíyánù lọ́jọ́ kan. Ojú rẹ̀ funfun ti ń pọ́n díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Jámánì tín-ín-rín kan sí abẹ́ nọ́ńbà méjìlá. Ẹ̀gbọ́n Pápá ló rà á ní Lomé lọ́wọ́ Jámánì kan tó ń ra kókó, kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n náà kú, aago wá di ti àbúrò.

"Pápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi."

"Mèsíyè akọ̀wé, ṣé o ti gbéyàwó?"

"N kò tíì gbé, Pápá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbéyàwó, tí aago bá kú, yóò ní ìyàwó òun ló fà á."

Kò tà á fún mi. Aago orí tábìlì kan ló gbé fún mi, ògbólógbòó kan tó ní ọwọ́ kékeré tó ń ka ọjọ́ oṣù. Ó ní kí n máa yí i láràárọ̀ fún ogójì ọjọ́, kí n sì máa gbé e wá fún òun wò ní gbogbo Sátidé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo gbàgbé. Aago kú. Mo yí i padà, mo to ọwọ́ rẹ̀ bá ti bùró, mo gbé e lọ ní Sátidé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Pápá wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti gbàgbé ọwọ́ kékeré tó ń ka ọjọ́, ó ti fi ọjọ́ kan rẹ̀yìn.

Ó ní, "Aago kò purọ́. Ìwọ lo purọ́. Lọ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ì bá ti lé mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Ì bá ti sàn fún un.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ogójì ọjọ́ pé láìyẹ̀. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ ológeere mi ló fẹ́, kí ó lè máa gùn ún lọ sí Akpro-Missérété lọ tún aago àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní kẹ̀kẹ́, ó fún mi ní aago. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mi ò tà á tán o. Ìdajì ni mo tà. Sátidé ṣì jẹ́ tèmi." Bí mo ṣe di ọmọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó tì í, Ìyá Rítà á gbé fẹ̀súwàdà, ẹ̀wà ẹlẹ́ran àwọn Àgùdà, ka iwájú wa, Pápá á sì máa kọ́ mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́ mi, ẹ̀yin tó ń da fóònù sílẹ̀ bí òkúta. Ẹ bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó yí i, nítorí tí ó bá wà lọ́rùn ọwọ́, ìka ń fi agbára wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ yí i kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ, kí òróró àkàrà má bàa kan orí rẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sọ pé ó tó, kí ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ má gbé e sùn sórí rédíò. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ sétí ọ̀sà. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo, tí kò jẹ́ kó di méjì.

Ó ní àṣà kan tí gbogbo atúnagoṣe ìgbà náà ní. Tí ó bá ti ṣí aago, tó fọ̀ ọ́ tán, yóò mú abẹ́rẹ́, yóò họ àmì sí inú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀: lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjì, ọjọ́, oṣù, ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá tún un ṣí lẹ́yìn ọ̀la yóò mọ ìgbà tí òróró rẹ̀ gbẹ. Pápá Lúsíyánù máa ń fi àgbélébùú kékeré kan kún un, Potogí ló sì fi ń gé orúkọ oṣù kúrú, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Lọ́dọọdún ni àmì kan ń kún àwọn tó ti wà nínú aago mi tẹ́lẹ̀. Èmi kì í wò wọ́n. Ta ló ń wo abẹ́ ìdérí aago?

Lọ́dún kan, nígbà Bùríyàn, eré egúngún àwọn Àgùdà tó máa ń jáde ní oṣù kìíní, mo wọ aago náà jáde láti fẹlá. Eléré kan tó ń jó fi ọwọ́ igi gbá mi lọ́wọ́, dígí aago fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo ń sunkún bí ọmọdé láàárín ìlù. Pápá Lúsíyánù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ì bá gbowó." Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló gé dígí mìíràn sí i. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn o. Òun ló ń dùn mí jù.

Aago náà kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1972. Níbẹ̀rẹ̀, inú wa dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ìjọba àtijọ́ ti sú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, a kò kí ara wa ní "ẹ káàárọ̀" ní bùró mọ́. Ẹnì kan á ní "Ẹ̀húzù!", ìyẹn "ayé ti yí" ní èdè Fọ̀n, gbogbo wa á dáhùn "Dàndàn!", ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, wọn á wò ó láwòtúnwò. Sẹ̀ẹ́fù tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún di kámáráàdì. Orúkọ ìlú yí padà, àsíá ìlú yí padà. Ìpàdé pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ọmọ tí a fi ọwọ́ wa kọ́ ní kíkọ àti kíkà á dìde, á máa bi bàbá rẹ̀ léèrè ibi tó ti rí aṣọ rà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà náà, àkísà náà di ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn náà ni òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan dé ní ọdún 1977, tí àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó yá fi ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sí Kútọnù, tí ìbọn dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Sèmè fi sá wọ inú igbó. Àwọn sójà wa lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò bá wọn lọ. Gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá di ohun ìfura. Rédíò, ìwé, lẹ́tà, àlejò.

Ní bùró wa, kámáráàdì kan wà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀. Ọmọdékùnrin ni sí mi, ó gbọ́n lójú ìwé, kò sì gbọ́n níbòmíràn. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, láàárín ìpàdé, ó rí mi tí mo ń wo aago. Ó ní kí n gbé e wá. Ó ka ọ̀rọ̀ Jámánì tó wà lójú rẹ̀, ó wò mí. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré, ó fi í ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí ìlà àmì méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́tà, nọ́ńbà, àgbélébùú, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Faransé, tí kì í ṣe Gùn, tí kì í ṣe Nàgó. Ojú rẹ̀ tàn yanran. Ó gbé e sókè kí gbogbo ìpàdé lè rí i.

"Àṣírí ọ̀tá nìyí! Ọjọ́ ìpàdé wọn ni wọ́n kọ síbí! Kámáráàdì, ta ló ni aago yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ, ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. "Èmi ni." Tí mo bá ti sọ ìyẹn, mo lè wá ṣàlàyé ti àmì abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló ní aago. Gbogbo wọn ló mọ atúnagoṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé:

"Kì í ṣe tèmi. Ti Pápá Lúsíyánù ní Akron ni. Ó ní kí n bá òun wọ̀ ọ́ kó má bàa kú ni. Èmi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rò pé wọn yóò kàn dá aago náà padà fún un. Irọ́ nìyẹn náà. N kò rò nǹkan kan. Kí ó ṣáà ti kúrò lọ́rùn mi ni mo fẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́. Mo gbọ́ bí ṣéènì rẹ̀ ṣe ń dún kí n tó rí i. Ó fi í ti igi máńgòrò inú ọgbà, ó wọlé, ó ṣí fìlà, ó kí gbogbo èèyàn "ẹ káàsán" bí ẹni tí kò gbọ́ pé ayé ti yí. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé aago ló ní ìṣòro.

Alága ní, "Bàbá, ọkùnrin yìí ní tìrẹ ni aago yìí, kì í ṣe ti òun. Ta ló ni ín?"

Pápá Lúsíyánù yíjú sí mi. Kò pẹ́. Ojú tó fi wo aago orí tábìlì ní Sátidé tí mo purọ́ yẹn ló fi wò mí, ojú ẹni tó rí ọwọ́ kékeré tó rẹ̀yìn. Ó lè sọ òtítọ́. Ìyá Rítà lè jẹ́rìí, gbogbo Akron ló mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó dá fìlà rẹ̀ padà sórí.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi ni."

Wọ́n mú un lọ pẹ̀lú aago náà. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ dá kẹ̀kẹ́ padà sílé rẹ̀. N kò lè gùn ún. Mo ń tì í gba ojú ọjà kọjá nínú oòrùn, àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń dáhùn. Ìyá Rítà ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ọrùn ọwọ́ mi tó ṣófo. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ó mú dígí ojú rẹ̀ dání?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ìwọ mà ni ọmọ rẹ̀." Ó gba kẹ̀kẹ́, ó wọlé. Láti inú ilé, àwọn aago ṣì ń bá ara wọn jà. Mo gbọ́ pé láàárín ọjọ́ méjì wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó ń yí wọn. Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń yí wọn, n kò sì padà débẹ̀.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ní àtìmọ́lé. N kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, kò sọ ọ́. Ẹnì kan tó mọ aago ló padà rí àwọn àmì náà, ó sì rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì dá aago padà fún un torí pé tirẹ̀ ni. Nígbà tó dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń gbé ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi yan ẹ̀sín, mo sì ń jẹun, mo ń sùn, mo gbéyàwó, mo bí ìyá yín.

Oṣù kan lẹ́yìn tó dé, ó ránṣẹ́ sí mi: "Sọ fún Mèsíyè akọ̀wé pé òní Sátidé ni." Mo lọ. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sókè, ó dá mi dúró. Ó ti fọ aago náà. N kò mọ bó ṣe fọ̀ ọ́. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Mú aago rẹ. Mo ti tà á tán báyìí. Má gbé e wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn. Ọdún kò yípo tó fi kú. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí níbi ìsìnkú rẹ̀, níbi tí àwọn tí kò mọ òkú máa ń dúró sí.

N kò wọ aago náà jáde mọ́, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó kú. Láràárọ̀, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, mo ń yí i. Ọdún lọ, ìgbà àwọn alága náà kọjá, wọ́n tún yí àsíá ìlú padà sí ti àtijọ́, kámáráàdì di mèsíyè. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan, aago náà dákẹ́ fúnra rẹ̀, òróró rẹ̀ ti gbẹ. Mo gbé e lọ sí Kútọnù, sọ́dọ̀ atúnagoṣe kan tí kò mọ̀ mí rí. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi dígí sójú, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Àmì atúnagoṣe ló kún ibí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ ìkẹyìn yìí yàtọ̀. Ọwọ́ ẹni tó họ ọ́ ń gbọ̀n. Kò kọ lẹ́tà tirẹ̀. Orúkọ èèyàn ló kọ." Ó wá kà á sókè, orúkọ ìrìbọmi mi àti orúkọ bàbá mi, lódindi, láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ta ló ni aago yìí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹnì kan kò sí níbẹ̀ tó gbọ́ ọ, bí kò ṣe àjèjì kan tó fẹ́ mọ ẹni tí yóò sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n padà wá ní Sátidé.

Nítorí náà, Bọ́lájí, Òyìnbó rẹ kò ní fá nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Kí ẹ má sì sin aago náà mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé mi jáde, ẹ gba Akron kọjá, ẹ dúró níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta fóònù yẹn, ẹ ní kí wọ́n pa orin. Ẹ ṣí ẹ̀yìn aago, kí ẹ ka ohun tó wà ní ìlà ìkẹyìn sókè, kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹni tó ni ín.